Ẹ̀ka Ọdán Lára Ògiri Ìyá Àgbà

Kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bo ìyá mi àgbà tán ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Ẹnì kan lábẹ́ kánópì ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ẹnì kejì ní kò bá ènìyàn jà rí láyé rẹ̀. Èmi ń pín omi fún àlejò, mo sì ń bi ara mi pé òkú ta ni àwọn wọ̀nyí wá sí. Ìyá Àgbà jà. Ó bá ẹyẹ jà láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó, ó bá ọmọ rẹ̀ jà nítorí kámẹ́rà, ó bá èmi alára jà nítorí fọ́tò tí mo fẹ́ pa rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àwọn géńdé tó yọ àdá sí mi jà, ohùn ẹnu rẹ̀ nìkan ló sì fi jà. Ẹni tí mo mọ̀ nìyẹn, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oko ìrẹsì ló dá, nínú àkùrọ̀ kan ní abúlé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀fàdà. Ìyá Onírẹsì ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹni tó bá ti dáko ìrẹsì rí mọ̀ pé kì í ṣe ìtúlẹ̀ ló le jù níbẹ̀. Ẹyẹ ni. Bí ìrẹsì bá ti ń yọmọ, ẹ̀gà á ya bò ó, koríko lásán ni wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún olóko. Nítorí náà, láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò máa lé wọn. Àwọn ọmọ abúlé ni Ìyá Àgbà máa ń kó lọ nígbà ìsinmi iléèwé. Yóò fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí igun oko pẹ̀lú agolo òfìfo àti igi, òun náà á dúró lábẹ́ ọ̀pẹ, á sì ké: "Hòòò-yà!" Igbe náà máa ń gùn lọ títí, á wá já lójijì. Gbogbo ọmọ tó wà ní igun gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, "Hòòò-yà!", lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí igun kan bá dákẹ́, ọmọ tó wà níbẹ̀ kò ní fojú kan ẹ̀wà lọ́sàn-án.

"Ẹni tí ò bá dáhùn, ó ti sùn nìyẹn," ló máa ń sọ fún wọn.

Èmi kò sí lára wọn. Ìbàfò ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi títí di òní. Ọdún Iléyá nìkan ló máa ń gbé wa dé abúlé. Mi ò lé ẹyẹ rí. Ìgbà tí orúnkún Ìyá Àgbà kọ iṣẹ́ oko pátápátá, tí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Ìbàfò, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Inú rẹ̀ kò dùn ní Ìbàfò. Yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀, kò sí oko, kò sí ẹni tó máa pariwo lé lórí àfi èmi. Lọ́jọ́ kan ni mo fi fọ́tò kan hàn án lórí fóònù mi, ẹyẹ kékeré kan tó bà sórí wáyà iná níwájú iléèwé wa. Ẹ̀gà ni. Ó ní kí n fẹ̀ ẹ́. Mo fẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tún fẹ̀ ẹ́ sí i, títí tó fi jẹ́ ojú ẹyẹ náà nìkan ló kù lórí fóònù, ojú pupa yòò tí ó ní dúdú róbótó láàárín. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ imú, ó wò ó títí ọbẹ̀ fi jóná lórí ìdáná, a ò sì bá ara wa wí.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń lé wọn," ló wí, "mi ò rí ojú ọ̀kankan rí."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fóònù mi kò lè mú ẹyẹ tó bá jìnnà, nítorí náà a lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì, a sì ra kámẹ́rà ògbólógbòó kan tí imú rẹ̀ máa ń gùn jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ara gíláàsì rẹ̀ ti họ níbì kan. Ìdérí bátìrì rẹ̀ ti sọnù, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni a fi dè é. Nígbà tí Dádì Ìbàfò rí i lọ́rùn ìyá rẹ̀, tó sì gbọ́ pé ó fẹ́ padà sí abúlé lọ máa ya ẹyẹ, ilé gbóná.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ara yín ò yá, ẹ wá ní ẹ fẹ́ lọ máa dúró nínú igbó. Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí mo fi igbó yẹn kan náà rán ẹ níléèwé?"

"Ìyẹn yàtọ̀, Màámi. Iṣẹ́ nìyẹn. Eré lèyí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú báyìí, mi ò tíì ṣeré rí."

Dádì Ìbàfò kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òun náà kò sì bẹ̀ ẹ́. Mo bá a di ẹrù rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ bá a ní abúlé.

Mo ti wo àwọn fídíò lórí fóònù níbi tí àwọn òyìnbó ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ya ẹranko inú igbó, tí wọ́n gbé kámẹ́rà tó tóbi ju igbá lọ lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní a máa ní láti wá irú irin bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ ra omi òjò. Ó gbé àpò kékeré kan, ó kó èèpo ìrẹsì sínú rẹ̀, ó rán ẹnu rẹ̀ pa. Orí àpò yẹn ló ń gbé kámẹ́rà lé, kì í mì rárá. Ó rẹ àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ kan sínú aró títí tó fi dúdú, ó ta á mọ́ igi méjì, ó gbé àpótí ìdáná sábẹ́ rẹ̀, ó ní ibùba òun nìyẹn, bíi ti ọdẹ. Bí bátìrì bá kú, a máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀. Bí mo bá tún ń ráhùn pé kámẹ́rà wa ti gbó, èsì kan ló ní.

"Ẹyẹ ò bèèrè iye tá a rà á."

Ohun tó ṣòro fún mi jù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Obìnrin tí gbogbo abúlé mọ̀ mọ́ ariwo ló wá di ẹni tí kì í jẹ́ kí n wúkọ́. Láti etí igbó ni a ti máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé bí mo bá wọ igbó náà, ohùn mi á lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. A tún ń jà lórí fọ́tò. Mẹ́mórì kámẹ́rà náà kéré, ó máa ń kún, mo sì máa ń fẹ́ pa àwọn tí kò dára rẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́ tó jẹ́ pé etí ìyẹ́ ẹyẹ kan nìkan ló hàn nínú rẹ̀, òun náà kò sì mọ́lẹ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́, ó sì dùn mí.

"Ìyẹ́ kan náà, ara ẹyẹ ni. Má pa nǹkan kan rẹ́."

Àmọ́ ẹyẹ kan wà tí Ìyá Àgbà ń wá kiri. Kò síbi àdúrà tí a kì í ti í gbọ́ orúkọ rẹ̀: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Gbogbo wa ń ṣe àmín. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní abúlé, Ìyá Àgbà dá ẹni tó ń ṣàdúrà dúró, ó bi gbogbo ilé pé ta ló ti fojú rí agbe rí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ààfáà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí i. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà tí òun ti wà ní ìyàwó, nínú igbó kékeré tó wà létí àkùrọ̀, níbi igi ọdán ńlá kan. Ṣùgbọ́n agbe kì í jẹ ìrẹsì, òun kò sì ráyè wo ẹyẹ tí kò bá òun jà.

Igbó náà ló kù ní gbogbo àgbègbè yẹn. Láti Mowé títí dé ọ̀dọ̀ wa, fẹ́ǹsì lo máa rí, lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ilé. Ìròyìn wá kàn wá pé wọ́n ti ta igbó náà, pé bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, katapílà máa wọlé. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà nígbà tó gbọ́.

"Kí igi yẹn tó wó," ló sọ fún mi, "mo fẹ́ rí agbe, kí n sì mú un wálé."

Àsìkò náà kò dára fún ẹni tó ń gbé kámẹ́rà kiri. Gbogbo ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wa mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ta ilẹ̀ gan-an nínú ẹbí. Àwọn tó ń dáko ní àkùrọ̀ ń bẹ̀rù pé tiwọn ló kàn. Wọ́n ti ń gbọ́ pé àwọn ajagungbalẹ̀ ń bọ̀, mọ́tò tí wọn kò mọ̀ sì ń wá dúró ní ẹnu ọ̀nà abúlé, á sì yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ wá ń ṣọ́ ilẹ̀ náà tòun tàdá. Àárín irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa ní ìdájí, fa gèlè pupa àtijọ́ kan ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tó gún àwọn igi kéékèèké mọ́lẹ̀ láti etí oko dé ibùba rẹ̀, tó sì so gèlè náà mọ́ orí wọn kí ó má baà ṣìnà.

Ẹni tó bá jẹ́ ará Mowé tàbí Ọ̀fàdà ti di orí mú báyìí. Aṣọ pupa lórí igi tí wọ́n gún mọ́lẹ̀! Bí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún olówó ṣe máa ń sàmì sí i nìyẹn. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Sátidé, tí mo rí i, mo sáré lọ bá a.

"Ìyá Àgbà, ẹ fẹ́ kí wọ́n pa wá ni?"

"Kí ló dé? Gèlè mi ni."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé gèlè yín ni. Ta ló fẹ́ bi gèlè léèrè ọ̀rọ̀?"

Ó bojú wo àwọn igi náà. Lẹ́yìn náà ló ní ó dáa, pé bí a bá ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí òun máa lọ síwájú, kí èmi máa tẹ̀ lé òun lẹ́yìn, kí n máa tú u bí òun bá ti ń kọjá. Ọdán ti pọ́n, ló wí, agbe máa wá jẹ ẹ́. Ó kìlọ̀ fún mi pé ohun yòówù tí mo bá rí, n kò gbọdọ̀ gbóhùn sókè.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà la jáde. Ó rọra ń tiro lọ níwájú mi, ó wọ inú igbó, mi ò rí i mọ́. Mò ń tú gèlè, mò ń fa igi náà tu, mo kó wọn dání. Mo gbọ́ ohùn ẹyẹ kan níwájú, kọ́-kọ́-kọ́, ohùn tó wúwo. Bí mo ṣe tẹ̀ síwájú báyìí ni ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Dúró ńbẹ̀! Má mira!"

Wọ́n tó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tó ga jù nínú wọn ló gbé àdá dání. Mo wo ọwọ́ ara mi: igi kún un, aṣọ pupa kún un.

"Ta ló rán ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́," mo wí wúyẹ́wúyẹ́, "ìyá mi àgbà ni mo bá wá. Ẹyẹ la wá yà."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹyẹ. She say na bird." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ tó ń ri pẹ́ẹ̀gì mọ́lẹ̀?"

"Kí ló dé tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀? Àwọn yòókù ẹ wà nítòsí, àbí? Gba fóònù ẹ̀!"

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. Àkùrọ̀ ló kún inú rẹ̀, etí igbó, ọ̀nà, igi ọdán láti ìhín, igi ọdán láti ọ̀hún. Ẹni tó ń wò ó gbé e sókè fún àwọn yòókù. "Ẹ wá wò ó o! Gbogbo ilẹ̀ wa ló ti yà tán." Wọ́n fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ pe orúkọ Ìyá Àgbà, ohùn mi kò jáde ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láàárín ìrun lọ, ìyẹn sì túbọ̀ ń bí wọn nínú. Ẹyẹ náà ṣì ń ké níwájú. Ẹnì kan ní kí wọ́n dè mí. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi nǹkan kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹni gíga náà gbé àdá sókè, mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ fi dẹ́rù bà mí ni tàbí ó fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo figbe ta, igbe mìíràn sì dáhùn.

"Hòòò-yà!"

Inú igbó ni ó ti dún. Ó gùn lọ, ó gùn lọ, ó já. Gbogbo ẹyẹ inú igbó náà fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun ńlá kan tó dúdú bí aró kọjá lókè orí wa, ìyẹ́ rẹ̀ ń ró fìrìfìrì, ó gba orí oko lọ.

Ẹni gíga náà dúró gbagidi, àdá lókè. Ẹnu rẹ̀ là. Kí òun alára tó mọ ohun tó ń ṣe, ó dáhùn. "Hòòò-yà!" ló ké, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, bí ọmọ tó wà ní igun oko tí kò fẹ́ pàdánù ẹ̀wà ọ̀sán.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà jáde láti inú igbó, àwọ̀n aró lórí, ewé lára aṣọ, kámẹ́rà ń fì lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan wọ́ èkejì.

"Wàsíù! Ta lo gbé àdá sókè sí?"

Wàsíù ju àdá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. A ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. A rí aṣọ pupa, a rò pé…"

Ìyá Àgbà gba àkísà náà lọ́wọ́ mi, ó nà án sí i. "Gèlè mi nìyí. Gbóòórùn ẹ̀. Orí mi lo máa gbọ́ níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi sì nìyẹn."

Wọ́n bẹ̀ wá títí a fi dé ilé. Nígbà tí ó ku àwa méjì, mo bi í bóyá agbe ni ohun tó fò kọjá yẹn.

"Òun ni. Ó bà sórí ẹ̀ka kan báyìí, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń jẹ ọdán. Mo ń dúró kó yíjú padà."

"Ṣé ẹ yà á?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ìyá Àgbà, ẹ mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá ké, ó máa lọ. Ṣebí ẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ ná kẹ́ ẹ tó ké."

"Àṣàkẹ́, etí mi ló gbọ́ ẹ. Kì í ṣe ìka mi."

Ó padà lọ síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àárọ̀. Wàsíù alára ló ń mú un lọ́wọ́ kọjá ẹrẹ̀. Agbe kò padà wá. Nígbà tó yá, ilẹ̀ gbẹ, katapílà wọlé, wọ́n wó igi ọdán náà. Ìyá Àgbà gbọ́ ìró rẹ̀ láti iwájú ilé, ó wọ yàrá, kò jáde títí di ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé ó sunkún, nítorí pé ó bínú nígbà tí mo bi í.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ń wo inú kámẹ́rà, mo wá rí fọ́tò kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìka Ìyá Àgbà ló ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń dìde wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú mi. Ẹ̀ka ọdán kan ni, ewé rẹ̀ rú bí ohun tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, èso pupa díẹ̀, kò sí ẹyẹ. Ó ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Mowé, kó tóbi, kí wọ́n fi férémù sí i. Ó gbé e kọ́ pálọ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé fọ́tò ara wọn kọ́ sí. Nígbà tí Dádì Ìbàfò wá kí i, ó wo ògiri, ó wo ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀ka igi lásán lẹ gbé kọ́ ara ògiri?"

"Agbe ni," ló wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò lọ ni."

Ó kú lásìkò òjò tó kọjá yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, lórí ẹní ìkírun rẹ̀. A ti sin ín kó tó di ìrun àílà. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ó ti dàgbà kó tó kú.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Wàsíù wá. Ó jókòó sí igun pálọ̀, fìlà lórí itan. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Àdá yẹn kò tíì kúrò lójú mi. Nígbà tí àwọn èèyàn ń túká, mo rí i tó dìde, tó lọ dúró níwájú férémù náà.

"Sístà, gbogbo ìgbà tí mo bá wá kí Màmá ni mo máa ń wò ó. Mi ò lè bi wọ́n. Kí ló wà nínú fọ́tò yìí gan-an?"

Mo lè sọ fún un pé àdá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ti dé ẹnu mi. Mo wò ó, mo rí i pé ó ti mọ̀.

"Agbe ni," mo wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò lọ ni."

Ó sorí kọ́. Lẹ́yìn náà, ní ohùn kékeré, ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Àgbà, ó ní, "Hòòò-yà."

Gbogbo ilé dákẹ́. Mi ò ké e rí láyé mi, èmi tó jẹ́ pé wúyẹ́wúyẹ́ nìkan ni Ìyá Àgbà kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn, nítorí ẹni tó yẹ kó dáhùn ti sùn.